Àwọn Ìwé Alàájì Ganíyù Tí Kọ̀ǹpútà Ní Òun Ò Rí

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìkirè. Mo kí Bàbá Àgbà lórí ìjókòó wọn, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo sì kí Adéwálé àbúrò mi tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí nítorí ojú yín. Kí ó rọra kà á o, kí ó má fo ibì kankan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn ni kí n kọ́kọ́ sọ. Láàárọ̀ òní ni àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ wa gbà kí wọ́n tún atọ́ka ẹ̀rọ ìwákiri ilé-ìkàwé kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi tí mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe é, wọn ò gbà kí n wọnú ọgbà. Ṣọ́ọ̀bù onífọ́tòkọ́pì kan tó dojú kọ gẹ́ẹ̀tì ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ ìwé yìí.

Gbangba ni mo ti ń kọ ọ́, kí ìwé ìròyìn lè gbé e, nítorí pé gbangba náà ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ mi. Adéwálé pè mí pé awakọ̀ kan tó gbé èrò láti Ìbàdàn wá sí Ṣakí sọ ní gáréèjì pé wọ́n ti ti ọmọ Ìyá Mojí mọ́lé ní Ìkirè, pé ó kó ìwé òkú tà. Màmá, ẹnikẹ́ni ò tì mí mọ́lé. Ọlọ́pàá kankan ò fọwọ́ kàn mí. Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé wọ́n ní kí n má wá sí ibi iṣẹ́, kí n má sì kúrò ní agbègbè yìí títí ìwádìí yóò fi parí. Mo lè sùn ní Àpòmù níbi tí mo ń gbé, mo lè wá sí Ìkirè. N kò gbọdọ̀ kọjá Aṣéjíre. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lẹ́yìn Aṣéjíre ni Ìbàdàn wà, ní Ìbàdàn sì ni wọ́n ti fẹ́ ṣe ojú yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀.

Adéwálé ní ẹ ti búra pé ẹ ò ní gorí bẹ́ẹ̀dì oníṣègùn ojú bí ẹ ò bá gbọ́ ohùn mi nínú yàrá náà. Ìyẹn ló gbé mi lọ́kàn ju ọ̀rọ̀ ìwé lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ ní láti mọ bí ọ̀rọ̀ ìwé náà ṣe jẹ́.

Bàbá kan wà ní Àpòmù, Alàájì Ganíyù, tí kòkó sọ di olówó, tó sì fẹ́ràn ìwé ju kòkó lọ. Wọ́n ní ọkọ̀ tó bá gbé kòkó rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, ìwé ló máa ń gbé bọ̀. Ìwé ẹ̀sìn wà níbẹ̀, ìwé òfin, ìtàn ìlú, iṣẹ́ àgbẹ̀, títí dé ìwé àwọn ọmọdé. Nígbà tí bàbá náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ni kí àwọn kó ìwé náà fún. Ọ̀gá àgbà ilé-ìkàwé wa rán èmi àti Kẹ́hìndé pé kí a lọ gbà wọ́n. Ọmọ Ìkirè ni Kẹ́hìndé, àwa méjèèjì la jọ wà nídìí kátálọ́ọ̀gù.

Alàájà Sìdíkátù, àkọ́bí olóògbé, ló gbà wá lálejò. Wọ́n ní ẹrù bàbá àwọn ò ní jáde nílé kí àdúrà ogójì ọjọ́ tó wáyé. Wọ́n ní bí a bá fẹ́ kọ àwọn ìwé náà sílẹ̀, kí a wá jókòó ní pálọ̀ kí a máa kọ ọ́, ebi ò ní pa wá. Ebi ò sì pa wá. A ń gbé kọ̀ǹpútà àgbéká láti Ìkirè lọ sí Àpòmù, a ń fi fóònù fa íńtánẹ́ẹ̀tì, a sì ń kọ ìwé kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ ilé-ìkàwé láti orí àga bàbá náà.

Níbẹ̀ ni Alàájà ti bi mí pé ṣé ẹni tó wà ní Ìkirè lè máa rí ẹrù bàbá àwọn lójú fóònù báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ló lè wá ìwé nínú kátálọ́ọ̀gù wa. Wọ́n ní rárá o. Wọ́n ní ìyẹn dà bí kí àlejò máa yẹ àpótí olóògbé wò nígbà tí omijé ò tíì gbẹ lójú ọmọ. Kẹ́hìndé, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, àwọn á ní kí kọ̀ǹpútà náà ṣe opó. Alàájà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú. Bí a ṣe fi àmì sí orí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nìyẹn, pé kí ẹ̀rọ má tíì fi hàn fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ohun àjèjì. Ẹ̀rọ náà ní àyè fún un.

Lẹ́yìn àdúrà, ìwé dé Ìkirè. Ọ̀gá ní kí a má kó wọn jọ sójú kan: kí ìwé òfin lọ bá òfin, kí ti àgbẹ̀ lọ bá ti àgbẹ̀. Ẹbí olóògbé gbà bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pòórá sáàárín àwọn tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n da omi sódò. Òǹtẹ̀ orúkọ Alàájì nínú èèpo ìwé nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, òǹtẹ̀ yẹn kò sì hàn láti ìta. Láti ìgbà náà, bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀kan nínú wọn wà, kọ̀ǹpútà ni yóò bi.

Ọ̀gá ló fọwọ́ ara wọn yọ àmì náà kúrò. Àṣẹ kan ṣoṣo ni wọ́n pa fún ẹ̀rọ, pé kí ó yọ ọ́ lórí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ò sí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo wá sí Ṣakí wá wo ojú yín, pẹ̀lú báàgì ńlá tí mo fi gbé gààrí àti dòdò Ìkirè wá. Ẹ rántí báàgì yẹn. Àwọn ará ibí náà rántí rẹ̀.

Nígbà tó yá, Alàájà kó àwọn ẹbí wá wò ó. Wọ́n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí Kẹ́hìndé tẹ orúkọ bàbá àwọn. Kò sí èsì. Ó tẹ àkọlé ìwé tí àwọn fúnra wọn mọ̀ dáadáa. Kò sí èsì. A lọ sídìí ẹ̀rọ mìíràn, a gbìyànjú lórí fóònù, ọ̀kan náà ni. A yẹ àwọn àká wò, a rí ìwọ̀nba díẹ̀ tó ní òǹtẹ̀, ìyókù ò ṣeé rí láàárín ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fà yọ tí wọ́n ń kì bọ ibi tó wù wọ́n. Alàájà kò pariwo. Wọ́n kàn bèèrè pé ta ló kọ ìwé bàbá àwọn sílẹ̀, ibo ni onítọ̀hún sì rìnrìn àjò lọ lẹ́yìn àdúrà. Ẹnì kan láàárín àwọn ẹbí dáhùn pé òun rí i nígbà tó ń wọkọ̀, pé báàgì ọwọ́ rẹ̀ wúwo ju ti ẹni tó ń lọ kí ìyá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo rò pé ó ṣẹlẹ̀, bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Bí ènìyàn bá wá ìwé nínú ẹ̀rọ wa, ẹ̀rọ kì í lọ ṣí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Ó ní atọ́ka kan tó ti kọ sílẹ̀ ṣáájú, bí èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ńlá. Atọ́ka yẹn ló ń bi. Ẹ fi wé agbo ilé ńlá tí ìyá àgbà kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àlejò kì í wọlé, ìyá àgbà ni yóò bi. Bí wọ́n bá ti sọ fún ìyá pé kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọmọ ilé kan tó ń jẹ́ Làmídì, yóò máa dá àlejò padà. Bí Làmídì bá wá ti inú yàrá sọ pé òun ti ṣe tán láti gba àlejò, tí kò sí ẹni tó jáde lọ sọ fún ìyá, àlejò yóò ṣì máa padà. Làmídì ò jáde nílé. Ìyá ò sì purọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún un gbẹ̀yìn ló ń sọ.

Bí a bá ṣí àkọsílẹ̀ kan, tí a pa á mọ́ padà, ẹ̀rọ yóò ránṣẹ́ sí atọ́ka pé kí ó tún un kọ. Ṣùgbọ́n àṣẹ kan fún gbogbo wọn, irú èyí tí Ọ̀gá pa, abẹ́ ilẹ̀ ló gbà lọ síbi tí àkọsílẹ̀ wà. Ó yọ àmì kúrò lóòótọ́. Kò ránṣẹ́ sí atọ́ka.

Mo dán an wò lójú wọn. Àdírẹ́sì àkọsílẹ̀ ìwé kan tí mo ṣí nígbà tí a wà ní Àpòmù ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà àgbéká. Mo tẹ̀ ẹ́, ìwé náà ṣí: ìwé lórí àrùn tó ń ṣe kòkó, ibi tó wà lórí àká sì hàn ketekete. Kẹ́hìndé sáré lọ síbẹ̀, ó gbé e bọ̀ lókè orí bí ẹni gba ife-ẹ̀yẹ, òǹtẹ̀ Alàájì wà nínú rẹ̀. Mo pa àkọsílẹ̀ náà mọ́ láì yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀. A dúró díẹ̀. Mo ní kí Alàájà tún wá orúkọ bàbá wọn. Ìwé kan jáde, ọ̀kan péré.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Alàájà wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n yíjú sí àwọn ẹbí, wọ́n ní ṣé wọ́n ti rí i báyìí, pé ọwọ́ tó kó o pamọ́ náà ló ń kó o jáde yẹn. Wọ́n ní ó káre, kí n máa kó ìyókù bọ̀.

Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í fi àṣìṣe àgbà hàn lójú àlejò. Mo sọ fún àwọn ẹbí pé wọ́n ti yọ àmì náà kúrò lọ́nà tí kò dé etí atọ́ka. N kò sọ ẹni tó yọ ọ́. Mo dúró kí Ọ̀gá sọ ọ́ fúnra wọn. Wọn ò sọ ọ́. Àwọn ẹbí fi orúkọ mi sí àlàfo tí mo fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá Ọ̀gá nínú ọ́fíìsì wọn, èmi àti àwọn nìkan, mo sọ ọ́ láì fi ohunkóhun pamọ́. Ohun tí mo sọ lójú wọn nìyẹn, òun náà ni mo kọ síhìn-ín. Wọ́n gbọ́ mi jálẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn pa àṣẹ náà, ẹ̀rọ dáhùn pé ó ti parí, gbogbo rẹ̀ ló sì parí sí rere. Wọ́n ní báwo ni àwọn ó ṣe lọ sọ níwájú ìgbìmọ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà pé ohun tó ní òun ti parí kò tíì parí, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ẹni tí wọ́n ń wádìí ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. N kò lè pè wọ́n ní òpùrọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí n pa àṣẹ kan náà.

Bí wọ́n ṣe há mi mọ́ nìyẹn. Bí mo bá wá ìwé kan rí, èmi ni mo fi pamọ́. Bí n kò bá wá a rí, èmi ni mo tà á. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀rí ọkàn ló ń dá mi lẹ́kun. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ aṣínà tí mo fi ń wọ ẹ̀rọ, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì ní owó oṣù mi yóò dúró ná. Ẹ má dààmú nípa oúnjẹ, mo ń jẹun.

Ilé tí mo ń gbé ní Àpòmù ló le jù. Ìbátan Alàájì ni onílé mi. Wọ́n ń jẹ́ kíkí mi, ṣùgbọ́n wọn kì í fi kún un. Bí mo bá dé ìdí ẹ̀rọ ìlọta, ọ̀rọ̀ á dákẹ́, ẹ̀rọ á máa dá pariwo. Ọlọ́kadà kan tó máa ń gbé mi lọ sí Ìkirè tẹ́lẹ̀ bi mí lójú gbogbo ènìyàn pé ṣé kí òun gbé ẹrù ìwé ni tàbí kí òun gbé Mádàámú nìkan. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe? Òjò ń rọ̀ ní ọ̀sán, oòrùn á tún yọ ganrínganrín, àwọn ènìyàn á sáré kó kòkó wọlé, wọ́n á tún sá a. Ó ti di ohun tí mo ń wò láti ojú fèrèsé, nítorí n kò níbi tí mo ń lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń rìn dé ojú títì márosẹ̀, mo máa ń wo àwọn ọkọ̀ tó dojú kọ Ìbàdàn. Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn rárá. Ẹni tó bá gbéra níbí lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, oúnjẹ yẹn ò ní tíì dà nínú rẹ̀ tí yóò fi débẹ̀.

Nígbà tí mo rí i pé ọwọ́ mi gan-an ló ń ba ẹ̀rí mi jẹ́, mo kọ̀wé pé kí ọwọ́ mi má dé ibẹ̀ mọ́. Mo ní kí iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà ní Èkó jókòó sí Èkó, kí wọ́n pa atọ́ka àtijọ́ rẹ́, kí wọ́n tún òmíràn kọ láti inú gbogbo àkọsílẹ̀. Iléeṣẹ́ náà ní àwọn ó ṣe é bí Ọ̀gá bá fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ní ìdánwò ń lọ lọ́wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ò ní lè wá ìwé títí tí iṣẹ́ náà yóò fi parí. Ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀.

Kẹ́hìndé ló lọ bá Alàájà nílé. Ó sọ fún wọn pé bí Mojí bá jalè, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n tún un kọ, wọn ó rí i pé òfo ni, wọn ó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Bí kò bá jalè, ìwé bàbá wọn yóò jáde láì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kàn án. Alàájà ní òun ò mọ atọ́ka, òun ò mọ ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé nídìí òṣùwọ̀n, bí ẹlẹ́rù bá ń búra lórí àpò kòkó rẹ̀, ẹlòmíràn ni bàbá òun máa ń ní kó tú àpò náà. Wọ́n pe Ọ̀gá lánàá. Láàárọ̀ òní, Ọ̀gá fọwọ́ sí i.

Kẹ́hìndé wà nínú yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé báyìí, níbi tí wọ́n ti ń wo iṣẹ́ tí àwọn ará Èkó ń ṣe, ó ń pè mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Iná lọ nígbà kan, ẹ̀rọ amúnáwá gbà á, iṣẹ́ ò dúró. Ó ní ó ti kọjá ìdajì. Ó ní Alàájà tẹjú mọ́ ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń ṣọ́ epo lórí iná, pé wọ́n ti kọ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, pé Ọ̀gá náà ò jókòó.

Mo gbọdọ̀ sọ òtítọ́ fún yín: ó lè jẹ́ pé mo ṣì í. Ìwé kan ni mo dán wò, ìwé kan ò sì lè jẹ́rìí fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ìyókù bá jáde, èmi ò ní ẹjọ́ mọ́, mo lè kọjá Aṣéjíre kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ́. Bí wọn ò bá jáde, n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ní kí wọ́n ṣe.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, Màmá: èyí ó wù kó jẹ́, ẹ má dúró dè mí. Oníṣègùn ti sọ pé bí ẹ bá tún sún un síwájú, ojú ọ̀tún yẹn lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí Adéwálé jókòó tì yín. Ẹ jẹ́ kí ó gbé fóònù sí etí yín, màá máa sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi ní kí ẹ pa á. Ìbúra tí ẹ ṣe nítorí ìfẹ́ mi, mo fi ìfẹ́ náà bẹ̀ yín kí ẹ tú u.

Kí Ọlọ́run fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọwọ́ oníṣègùn náà mú. Ẹ ó fi ojú yín rí ọmọ, ẹ ó fi rí ọmọ ọmọ, ẹ ò ní fi rí ìtìjú mi. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, ẹ kí àwọn ìyá ìjọ, ẹ kí awakọ̀ gáréèjì náà, ẹ sọ fún un pé mo wà lálàáfíà.

Bí mo ṣe ń parí ìwé yìí, ọkọ̀ Alàájà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní gẹ́ẹ̀tì, ó yà sí ọ̀nà Àpòmù. Gíláàsì ọkọ̀ wà lókè, n kò rí ojú wọn. N kò mọ̀ bóyá wọ́n rí ìwé bàbá wọn ni, tàbí wọ́n bínú lọ, tàbí ó kàn rẹ̀ wọ́n. Mo ti pe Kẹ́hìndé. Fóònù rẹ̀ ń dún, kò tíì gbé e.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojísọ́lá